Iṣẹ́ Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Agbègbè Adja-Ouèrè

Adja-Ouèrè ní orílẹ̀-èdè Benin, tí Kétu wà ní àríwá rẹ̀, tí Pobè wà ní ìlà-oòrùn, tí Sakété sì wà ní gúúsù, wà láàrin ilẹ̀ tí àwọn Yorùbá ti ń gbẹ́ igi fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ìran dé ìran. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni orin àti ijó tí wọ́n fi ń bu ọlá fún Ìyá Ńlá àti agbára àwọn obìnrin. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, wọ́n sì tún ń ṣe é bí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú.

Igi tí kò wúwo ni agbẹ́gilére ń lò, nítorí pé oníjó ni yóò gbé ère náà lérí jó. Ìsàlẹ̀ ère, tí ó sábà jẹ́ ojú obìnrin, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ gba ohunkóhun tí ìgbà bá mú dé, ìbáà ṣe ejò, ẹyẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ọkọ̀ òfúrufú. Ó jọ pé àyè yìí ló mú kí iṣẹ́ náà pẹ́, ju ìwé àṣẹ kankan lọ.

Ìwé àṣẹ náà kò ṣàìdé. Ní 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Tógò gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ àjọ náà ní 2008.