Láti Ọparun dé Ike: Ìtàn Ìbọn Ìṣeré Àfọwọ́ṣe àti Ìbẹ̀rù Rẹ̀ ní Ìlú Ìbìní

Àwọn tí ó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìbìní kì í gbàgbé idẹ, eyín erin àti igi gbígbẹ́. Ìbọn ìṣeré tí àwọn ọmọdé fi ọwọ́ ara wọn ṣe kì í wọ inú ìwé. Kò yani lẹ́nu, nítorí nǹkan ìṣeré ọmọdé kì í pẹ́ bàjẹ́, àgbà sì kà á sí eré lásán. Ohun tí bébà yìí ń sọ ni pé ìbọn ìṣeré náà wà lára ìtàn ìmọ̀ ẹ̀rọ wa, àti pé ìbẹ̀rù tí ó ń gbà á kúrò lọ́wọ́ ọmọ ní ìtàn tirẹ̀.

Èyí tí ó rọrùn jù nínú wọn ni ìbọn ọparun. Ọ̀pá ọparun tí kò ní kókó láàrin ni ọmọ yóò gé, yóò sì wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lè wọ inú ihò rẹ̀. Yóò fi bébà tí ó ti rẹ sínú omi, tàbí èso kékeré, dí ẹnu ihò náà, yóò wá fi òmíràn dí ìdí rẹ̀. Bí ó bá ti igi náà wọlé, afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín ìdí méjèèjì yóò fún pọ̀ títí ti iwájú yóò fi fò jáde pẹ̀lú ariwo. Òfin tí Robert Boyle tẹ̀ jáde ní 1662 nìyẹn: bí àyè tí afẹ́fẹ́ wà bá ti ń kéré sí i ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ọmọ tí ó ti ṣe ìbọn ọparun mẹ́ta, tí méjì kò dún nítorí pé bébà kò dí ihò dáadáa, ti mọ òfin yìí kí olùkọ́ tó kọ ọ́ sí ojú pátákó.

Àkàtàǹpó ni èkejì, ìtàn rẹ̀ sì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, rọ́bà tí ọmọ fi ń ta ẹyẹ ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọrun olópòó ni orúkọ náà wà fún tẹ́lẹ̀, ìyẹn ọrun tí a dè mọ́ orí igi gbọọrọ tí a fi ń ta ọfà. Ní 1909, Henry Balfour, ọ̀gá ilé ìṣúra Pitt Rivers ní Oxford, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí orísun irú ọrun yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n wá ṣòwò ní etíkun ni a ti rí i. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n la igi ìdí ọrun náà sí méjì ní gígùn. Bí a bá fún ìlàjì méjèèjì pọ̀, èèkàn kékeré kan yóò ti okùn jáde kúrò nínú kẹ̀rẹ̀ tí ó kọ́ sí, ọfà yóò sì lọ. Kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Balfour rí irú èyí ní Norway pẹ̀lú. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pé ẹ̀rọ àlejò ni, ọwọ́ tí ó fi igi àti okùn nìkan ṣe é kì í ṣe ọwọ́ òpè. Nígbà tí rọ́bà dé, iṣẹ́ ọrun bọ́ sí i lọ́wọ́. Orúkọ nìkan ni kò yí padà.

Ìbọn gan-an kò ṣàjèjì ní Ìbìní. Ère idẹ ọmọ-ogun Potogí tí ó gbé ìbọn lọ́wọ́ wà lára iṣẹ́ Ìbìní tí ó wà ní British Museum. Àwọn asúdẹ ní Igun Eronmwon, àwọn alágbẹ̀dẹ ní Igun Ematon. Káàkiri ilẹ̀ yìí, alágbẹ̀dẹ ń tún ṣakabùlà ṣe, àwọn mìíràn sì ń rọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹwìrì yóò fẹ́ ṣe tirẹ̀. Láti inú èyí ni a ti rí ìbọn onípákó tí ń fi rọ́bà ta òkúta, àti èyí tí ń fi orí sípóòkù kẹ̀kẹ́, ìṣó àti ẹ̀tù ìṣáná dún lásìkò Kérésìmesì. Ti ìkẹyìn yìí kò yẹ lọ́wọ́ ọmọdé, mi ò ní ṣe é ní ọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ojú tí a fi ń wo gbogbo rẹ̀ yí padà. Ìbọn ti pọ̀ nígboro, ìjọba ológun sì gbé òfin ìdigunjalè jáde ní 1970, tí ó fi ikú ṣe ìjìyà rẹ̀. Òfin náà, bí ó ṣe wà lónìí, ka ìbọn afẹ́fẹ́ àti ọrun òun ọfà mọ́ ohun ìjà. Ní 1986, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jìnnìjìnnì bá Ìbìní. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún náà, wọ́n sì yìnbọn pa á ní oṣù Kẹta, 1987. Òbí wo ni yóò rí ohun tí ó jọ ìbọn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lásìkò yẹn tí kò ní gbà á? Ìbẹ̀rù náà kò sì jẹ́ ti Ìbìní nìkan. Ní Cleveland, Amẹ́ríkà, ní 2014, ọlọ́pàá yìnbọn pa Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, nítorí ìbọn ìṣeré tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ti wà níbẹ̀ láti 1988 pé kí ẹnu ìbọn ìṣeré ní àwọ̀ ọsàn kí a lè dá a mọ̀.

Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà kan náà, ní Mobile, Alabama, ni a ti bí Lonnie Johnson ní 1949. Nígbà tí ó wà ní kékeré, òun àti bàbá rẹ̀ fi ọparun ṣe ìbọn tí ń fi agbára afẹ́fẹ́ ta èso igi kan tí ó jẹ́ ìbátan dóńgóyárò. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Tuskegee, ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú NASA lórí ọkọ̀ Galileo tí ó lọ sí Júpítà, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1986 lórí ìbọn omi tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Super Soaker. Ó tún ṣe iṣẹ́ lórí ìbọn Nerf, èyí tí ń ta ọfà fóòmù. Ní 2013, iléeṣẹ́ Hasbro gbọ́dọ̀ san nǹkan bíi mílíọ̀nù 73 dọ́là fún un nítorí owó ẹ̀tọ́ tí wọ́n jẹ ẹ́. Lónìí, àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń tú ìbọn Nerf palẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀, wọ́n ń fi páìpù omi oníke ṣe tuntun, wọ́n ń wọn eré ọfà rẹ̀, wọ́n sì ń wọ awò ìdáàbòbo ojú kí wọ́n tó yìn ín. Wọ́n kà á sí iṣẹ́ ọpọlọ tí a fi ń najú.

Ní 1982 ni a bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, tí ó mú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wọ iléèwé girama kékeré. Ẹ̀rọ tí wọ́n kó wọlé láti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù fún un wà nínú àpótí ní iléèwé púpọ̀ títí ó fi dípẹtà, nítorí pé kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ọparun sì wà lẹ́yìn ilé. A kò nílò kí ohun tí ọmọ ṣe jọ ìbọn rárá. Gé páìpù omi kan ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, òmíràn ní 60, kì í ṣe pẹ̀lú ìdí ìbọn tàbí ohun ìfàyìn, kùn wọ́n ní àwọ̀ ọsàn, fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí wọn, kí o sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE fi okùn wọn bí fóòmù páìpù kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó kí wọ́n tó ṣí ìwé físíìsì.