Àwọn Òrìṣà Inú Ìtàn Cupid àti Psyche

Ohun tí ìwé ń sọ nípa àwọn òrìṣà inú ìtàn yìí kò bára mu. Òmíràn á dárúkọ Venus, Cupid àti Jupiter, á dákẹ́. Òmíràn á da ti Gíríìkì mọ́ ti Róòmù. Metamorphoses ni ká dì mú, ìwé tí Apuleius, ọmọ Madauros ní ilẹ̀ Àlgéríà òde òní, fi èdè Látìn kọ ní ọ̀rúndún kejì. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń gbẹ́ ère Eros (Cupid àwọn Gíríìkì) pẹ̀lú Psyche ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló di àwọn òrìṣà ńlá lọ́wọ́. Nígbà tí Venus ń bínú sí Psyche, ìyàwó Cupid ọmọ rẹ̀, Psyche sá tọ Ceres lọ. Àánú rẹ̀ ṣe Ceres, síbẹ̀ ó lé e. Juno ní ìyàwó ọmọ òun ni Venus, òfin kò sì jẹ́ kéèyàn gba ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Nígbà tí Jupiter wá pe ìpàdé àwọn òrìṣà lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ní òrìṣà tí kò bá yọjú yóò san ìtanràn 10,000 sesterces. Ibẹ̀ kún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Ìpàdé yìí ni Psyche ti di ẹni àìkú. Ọmọ ọba lásán ni tẹ́lẹ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ ń kà á mọ́ òrìṣà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kéékèèké ló gba sùúrù. Consuetudo, ìyẹn Bárakú, ló fa Psyche nírun wọlé tọ Venus. Sollicitudo (Àníyàn) àti Tristities (Ìbànújẹ́) sì nà án ní pàṣán. Wọ́n máa ń kà wọ́n mọ́ òrìṣà, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́bìnrin Venus ni Apuleius pè wọ́n, mo sì gbà á gbọ́. Ti Voluptas, ọmọ tí Psyche bí, yàtọ̀: Cicero ti ka orúkọ yẹn mọ́ èyí tí wọ́n yà sí mímọ́ ní Róòmù. Portunus onírùngbọ̀n, tó wà lára àwọn tó sin Venus wọ òkun, kì í ṣe àròsọ rárá. Tẹ́ḿpìlì rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá odò Tiber.



Lẹ́yìn Apuleius, òǹkọ̀wé kan, Fulgentius, sọ ìtàn náà di òwe àwọn Kristẹni. Wọ́n tẹ ìwé Apuleius ní Róòmù ní 1469. Raphael àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kun àwòrán ìtàn náà sí àjà Villa Farnesina, Canova náà gbẹ́ ère Cupid àti Psyche tó wà ní Louvre. Ní 1956, C. S. Lewis tún ìtàn náà kọ, ó fi ẹ̀gbọ́n Psyche ṣe ẹni tó ń ròyìn, ó sì sọ Venus di Ungit.