Pọ́ǹpù Tí Ohunkóhun Kì Í Yí Nínú Rẹ̀

Ní Kétu, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé iṣẹ́ ni omi fífà. Ilẹ̀ wa ga, omi sì jìnnà nínú rẹ̀. Bí pọ́ǹpù abúlé bá bàjẹ́, gbogbo ilé ló ń mọ̀ ọ́n. Kí ló sábà ń bàjẹ́ nínú rẹ̀? Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, bíi rọ́bà àti ọ̀pá irin. Ohun méjì tó bá ń ha ara wọn yóò jẹ. Ibi tó bá ti jẹ, ibẹ̀ ni omi ń gbà jò.

Bí omi bá jò, omi nìkan la pàdánù. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn wà tí jíjò wọn lè pa ènìyàn. Nítorí irú wọn ni àwọn onímọ̀ fi wá pọ́ǹpù kan tí kò ní rọ́bà, tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1820, Hans Christian Ørsted, olùkọ́ kan ní Dẹ́nmáàkì, rí i pé wáyà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá ń mú kí abẹ́rẹ́ òòfà yí. Ní ọdún 1821, Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé òòfà náà lè mú kí wáyà yí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Faraday. Kò pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ dídi ìwé ló kọ́, ó sì ń ka àwọn ìwé tí wọ́n gbé wá fún un láti dì. Báyìí ló ṣe di onímọ̀.

Ohun tó rí kò le láti lóye: bí iná mànàmáná àti òòfà bá pàdé, wọ́n ń ti nǹkan. Bí wọ́n bá lè ti wáyà, wọ́n lè ti irin tó ti yọ́, nítorí iná mànàmáná ń gba inú irin yíyọ́ kọjá bó ti ń gba inú wáyà.

Ẹ ro páìpù kan tó nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, tí irin yíyọ́ kún inú rẹ̀. Ẹ fi òòfà kan sí orí rẹ̀, kí ẹ fi òmíràn sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí iná mànàmáná dábùú páìpù náà, láti àríwá sí gúúsù. Irin yíyọ́ náà yóò gbéra, yóò máa ṣàn lọ nínú páìpù. Bí a bá yí ọ̀nà iná padà, irin náà yóò ṣàn padà sẹ́yìn.

Láyé ọjọ́un, gáàsì olóró ni wọ́n ń lò nínú firíìjì. Wọ́n ní ìròyìn ìdílé kan tí irú gáàsì bẹ́ẹ̀ pa lójú oorun ló dun Albert Einstein àti Leo Szilard ní Berlin. Láti ọdún 1926, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí wá firíìjì tí kò ní jò. Wọ́n fi irin olómi sínú páìpù tí a dí pa, iná àti òòfà sì ń tì í. Ilé iṣẹ́ AEG kọ́ ọ, ó sì ṣiṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1931. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀, owó ṣọ̀wọ́n nígbà náà, gáàsì mìíràn tí kì í pani sì ti dé. Ní ọdún 1933, Hitler gba ìjọba Jámánì. Júù ni Einstein àti Szilard, wọn kò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Wọn kò ta firíìjì náà rí.

Ìmọ̀ náà kò ṣòfò. Lẹ́yìn ogun, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára átọ́ọ̀mù ṣe iná mànàmáná. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 1951, ilé iṣẹ́ kan ní Idaho ní Amẹ́ríkà fi í tan gílóòbù mẹ́rin. Ooru inú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Sódíọ̀mù, irin kan tó rọ̀, ń gbé ooru náà kúrò dáadáa. Ó ń yọ́ bí ooru bá dé ìwọ̀n 98, kò sì ní hó títí ooru yóò fi kọjá 880. Ṣùgbọ́n a máa ń wí pé omi ò lọ́tàá; sódíọ̀mù ní tirẹ̀, ọ̀tá omi ni. Bó bá kan omi, ó ń gbiná. Kò gbọdọ̀ jò rárá.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe lo pọ́ǹpù oníná àti òòfà ní Dounreay, ní Skọ́tílándì, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, tó sì parí ní ọdún 1977. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1965, Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ lọ sí òfuurufú nínú ẹ̀rọ SNAP-10A. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 43 kí ohun èlò iná mìíràn tó bàjẹ́. Ta ni ìbá lọ pààrọ̀ rọ́bà lókè ọ̀run?

Ẹni tó ń kọ́ pọ́ǹpù yìí ní láti ṣọ́ra. Ara páìpù gbọ́dọ̀ tínrín, irin rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí òòfà ń fà. Òòfà méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Iná tó ń gbà á kọjá gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń ṣòfò di ooru. Ìyẹn ni àlébù rẹ̀.

Pọ́ǹpù yìí kò lè fa omi Kétu fún wa, nítorí omi kì í gbé iná mànàmáná bí irin ti ń gbé e. Rọ́bà la ó ṣì máa pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ wúlò fún wa: ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló ń jẹ nínú rẹ̀, kí sì ló dé tó fi ń jẹ. Ìbéèrè yẹn ni Einstein àti Szilard bi ara wọn. Ìwé kíkà ló sì mú ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣí ọ̀nà fún wọn.