Ọrùn Tó Dúdú Bí Àrán

Bí ẹ̀yìn ọrùn ọmọbìnrin bá dúdú, tó nípọn ju ibi yòókù lára rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé ní fún un: ìdọ̀tí. "O kì í fọ ọrùn ẹ ni?" Ìyá á gbé kànìnkànìn, á máa ha á títí awọ á fi bó. Ọrùn ò ní torí ìyẹn mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ínsúlíìnì, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà ara, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, òun ló ń mú kí awọ ibẹ̀ nípọn. Nítorí a kò ní orúkọ fún un, balùwẹ̀ là ń rán ẹni tó yẹ kó lọ rí dókítà.

Acanthosis nigricans ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ̀gún ni akantha lédè Gíríìkì. Ohun tó ń dúdú ni nigricans lédè Látìn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án mọ̀ pé kò gún èèyàn. Ìwé ìṣègùn fúnra rẹ̀, bó bá fẹ́ ṣàlàyé bí awọ náà ṣe rí, aṣọ àrán ló fi ń wé e. Àwa rèé tí a mọ àrán, tí a ń fi í rán fìlà àti agbádá! Adúbíàrán ni kí á máa pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ àmì ohùn rẹ̀, kí òǹkàwé má baà kà á sí aràn inú.

Ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ernest Starling, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara, ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde ní London ní 1905, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ kí á súnni ṣe nǹkan. Ó sì tún pe àwọn èròjà náà ní ìránṣẹ́. Ẹnu ti mọ́ họ́mọ̀nù. Kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí á ṣàlàyé rẹ̀ ní ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. "Họ́mọ̀nù tí kò dọ́gba" ni mi ò fara mọ́. Ìgbà wo ni wọ́n dọ́gba rí? Lára obìnrin, láàárín oṣù kan ṣoṣo, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀. Họ́mọ̀nù tó ṣìwọ̀n ló tọ́: ó kọjá ìwọ̀n, tàbí kò tó o.

Èyí tó dùn mí jù ni "họ́mọ̀nù akọ". Obìnrin tí irun ń hù lágbọ̀n, tí irorẹ́ ò kúrò ní párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń fo oṣù, bó bá gbọ́ pé họ́mọ̀nù akọ pọ̀ lára òun, ohun tó gbọ́ ni pé òun ń di ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ gbogbo obìnrin ló ní in. Ilé ẹyin rẹ̀ wà lára ibi tó ti ń wá. Ándírójìn ni kí á pè é, ká má túmọ̀ rẹ̀ rárá.

Bákan náà ni PCOS (polycystic ovary syndrome), àìsàn tó sábà máa ń fa irú àwọn àmì wọ̀nyí, tí àwọn dókítà Stein àti Leventhal kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935. Ẹni tó bá pè é ní "kókó inú ilé ẹyin" ti dẹ́rù ba aláìsàn lásán. Àpò ẹyin kéékèèké tí kò gbó ni wọ́n ń rí nínú àwòrán.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin olóòtú ètò ìlera lórí rédíò, bí ẹ bá rí adúbíàrán lọ́rùn ọmọbìnrin, ẹ bi í léèrè nǹkan oṣù rẹ̀, kí ẹ sì ní kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ bá wa gba kànìnkànìn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.