Ìkọ́ Ìdí Bàálù: Ọjọ́ Kan ní Pápá Gíláídà

Ọjọ́ tí a fẹ́ tẹ̀ lé yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan pàtó. Bí Sátidé ṣe máa ń rí ní pápá gíláídà lọ́pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà ni.

Aago méje àárọ̀. Ọ̀pọ̀ gíláídà kò ní ẹ́ńjìnnì. Bàálù ló sábà máa ń fi okùn fà á gòkè kó tó dá fò. Piper Pawnee, tí wọ́n ṣe fún fífín oògùn sóko, wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Awakọ̀ rẹ̀ ti lóṣòó sẹ́yìn bàálù, ó ń yẹ ìkọ́ okùn wò.

Aago mẹ́jọ. Irú ìkọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Schweizer ló wà níbẹ̀, òun ló sì ń kọ́ òrùka irin ẹnu okùn. Bí okùn bá ń fà sẹ́yìn gbọọrọ, kò séwu: awakọ̀ á fa irin ìtúkùn, okùn á bọ́. Àmọ́ bí okùn bá ń fà á sókè tagbáratagbára, irin á há mọ́ irin, ìkọ́ náà sì lè kọ̀ láti tú.

Aago mẹ́sàn-án. Wọ́n yẹ okùn wò. Òfin ní agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 80 nínú 100 ìwọ̀n gíláídà, kò sì gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, àyàfi bí wọ́n bá so ìjápọ̀ ààbò tó lè tètè já mọ́ ọn. Fún gíláídà oníkílò 600, ó di láti 480 sí 1,200.

Aago mẹ́wàá. Wọ́n gbéra. Ká ní ìdérí gíláídà ṣàdédé ṣí, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì na ọwọ́ láti pa á dé. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó kí gíláídà ta sókè, kó fa ìdí bàálù sókè, kí imú bàálù sì dorí kodò. Nítòsí ilẹ̀, kò sí àyè àtigbéra padà. Bí ìkọ́ bá sì kọ̀ láti tú, awakọ̀ bàálù iwájú ni yóò jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Aago kan ọ̀sán. Wọ́n ń jẹun, ọ̀rọ̀ ìkọ́ sì délẹ̀. Àwọn kan ń dojú Schweizer kodò kó lè tú bí okùn bá ń fà á sókè. Àwọn mìíràn ń ra Tost, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Jámánì, tó ń tú bí okùn tilẹ̀ ń fà á gan-an. Ẹni tó bá ra Tost ní láti pààrọ̀ òrùka ẹnu okùn, kí mẹ́káníìkì tó ní àṣẹ FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti bàálù wọlé. Òfin kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti pààrọ̀ ìkọ́ àtijọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sún un síwájú. Ṣùgbọ́n àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ ń fa gíláídà, ẹ má dúró de òfin: ẹ pààrọ̀ ìkọ́ yín nígbà òtútù, nígbà tí bàálù ò níṣẹ́.