Adìẹ Nínú Ìwádìí Àrùn Àtọ̀gbẹ

Ajá ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí àrùn àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 1889, ní ìlú Strasbourg tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, Oskar Minkowski àti Josef von Mering yọ ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù, èyí tí í ṣe pánkíríà, kúrò nínú ajá; ṣúgà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Adìẹ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1943, Dunn, Sheehan àti McLetchie rí i ní Glasgow pé alloxan a máa ba ibi tí ínsúlìn ti ń jáde nínú ara ehoro jẹ́. Láìpẹ́, oògùn yìí ni wọ́n fi ń sọ ẹranko di alátọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lò ó fún adìẹ, àrùn náà kò mú un.

Èyí tí ó yanilẹ́nu jù ni pé adìẹ tí ara rẹ̀ dá ṣáká ní ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ènìyàn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dókítà bá bá irú rẹ̀ lára ènìyàn tí kò tíì jẹun, yóò ní àtọ̀gbẹ ni. Kì í ṣe pé adìẹ kò ní ínsúlìn. Ara rẹ̀ ni kì í tètè gbọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá ẹranko aláìsàn tí yóò fi dán oògùn wò kò gbọdọ̀ sáré mú àgbébọ̀ adìẹ. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ara ti ń ru ṣúgà púpọ̀ láìbàjẹ́ ni ó yẹ kí ó mú un. Ẹyin rẹ̀ pàápàá wúlò: àwọn onímọ̀ a máa fi ṣúgà sínú ẹyin tí ọmọ ń dàgbà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí àtọ̀gbẹ aboyún ń ṣe fún oyún.