Ta ni Yele Bademosi, ọmọ Nàìjíríà tó dá Bundle àti Nestcoin sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí ò yéé wọlé sórí WhatsApp mi láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ọkùnrin náà nínú ìròyìn kan tí mo kọ nípa òfin owó kírípítò. Ìbéèrè tó dáa ni. Àwọn kan nínú yín ti lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láì mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ rántí áàpù Bundle, tí ẹ fi lè ra Bitcoin ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ lásìkò ìsémọ́lé Kòrónà? Òun ló dá a sílẹ̀. Mo wá kó ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ jọ síbi kan, kí n má baà máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe ìtàn "kò ní kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá di olówó" ni mo fẹ́ sọ o. Irú ìyẹn pọ̀ lórí Instagram. Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ sí ìrìn àjò Bademosi ni pé ẹ̀ẹ̀mejì gbòógì ni ọ̀nà dí mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ báńkì ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ iléeṣẹ́ kan ní Bahamas ni. Gbogbo ẹni tó bá ní owó lórí fóònù lọ̀rọ̀ yẹn sì kàn.

Ó kọ́kọ́ ń fún àwọn ọ̀dọ́ lówó iṣẹ́

Kí wọ́n tó máa pe Bademosi ní ọ̀gá kírípítò, ìdókòwò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọdún 2017 ló dá Microtraction sílẹ̀ ní Èkó. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti yéni: ẹ ti ní èrò kan, ẹ ti kọ áàpù rẹ̀ dé ìdajì, àmọ́ owó dátà oṣù tó ń bọ̀ gan-an ò sí lọ́wọ́ yín. Wọ́n á fún yín lówó, wọ́n á sì gba ìpín nínú iléeṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, dọ́là 15,000 ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún èèyàn, wọ́n á gba ìpín 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú àwọn olówó òkè òkun, owó kékeré ni. Fún ọmọ tó ń lo kọ̀ǹpútà àlòkù ní Yábàá, ìyẹn lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Cowrywise, tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń fowó pamọ́, wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. BuyCoins náà wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ tí Timi Ajiboye, Ire Aderinokun àti Tomiwa Lasebikan dá sílẹ̀ fún títa àti ríra kírípítò. Lẹ́yìn náà ni Bademosi di olùdarí ní Binance Labs, ẹ̀ka tí Binance fi ń dókòwò. Ibẹ̀ ló gbà dé ìdí kírípítò pátápátá.

Bundle, àti ọjọ́ tí CBN ti ilẹ̀kùn

Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni Bundle jáde, tí Èkó, Ògùn àti Àbújá wà nínú ìsémọ́lé. Binance fi dọ́là 450,000 tì í lẹ́yìn. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí fífi owó ránṣẹ́ rọrùn bí ìgbà tí èèyàn ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ náírà, ì báà jẹ́ Bitcoin. Ká sòótọ́, ṣáájú ìgbà yẹn, ojú áàpù kírípítò tó pọ̀ jù máa ń dà bí ojú ẹ̀rọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Bundle rọrùn lójú, ọmọ ilé ìwé gíga lè lò ó láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìwọ́de EndSARS bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ Feminist Coalition fi ń gba owó ìrànwọ́ ní báńkì dí mọ́ wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba Bitcoin. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Yahoo nìkan ni kírípítò ló rí i lọ́sẹ̀ yẹn pé owó kan wà tí báńkì ò lè dá dúró.

Ìjọba náà rí i. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀, CBN, lábẹ́ Godwin Emefiele, kọ lẹ́tà sí gbogbo báńkì: kí wọ́n wá àkáǹtì ẹnikẹ́ni àti iléeṣẹ́ yòówù tó bá ń ṣòwò kírípítò, kí wọ́n sì tì í pa. Ọjọ́ Ẹtì ni. Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, Yemi Osinbajo, bọ́ síta lóṣù yẹn kan náà, ó ní kàkà kí wọ́n fòfin dè é, kí wọ́n ṣòfin tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́tà CBN ò yí padà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti dúró díẹ̀. Bitcoin fúnra rẹ̀ kò nílò báńkì kankan. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, CBN ò lè kọ lẹ́tà sí i. Àmọ́ owó oṣù yín, náírà ni. Owó ilé yín, náírà ni. Kí náírà tó di Bitcoin lórí Bundle, ó gbọ́dọ̀ gba inú báńkì kọjá. Ẹnubodè yẹn ni CBN tì. Áàpù ṣì ń ṣiṣẹ́, kọ́ìnì ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ èèyàn ò lè fi owó wọlé láti báńkì rẹ̀ tààrà mọ́.

Ọ̀nà àbáyọ tí gbogbo wọn sá sí ni P2P. Ká ní ẹ fẹ́ ta USDT 50. Áàpù á kọ́kọ́ gba kọ́ìnì náà lọ́wọ́ yín, á dì í mú. Ẹni tó fẹ́ rà á á fi náírà ránṣẹ́ láti àkáǹtì tirẹ̀ sí àkáǹtì yín. Bẹ́ ẹ bá ti rí áláàtì, tí ẹ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé owó wọlé lóòótọ́, áàpù á tú kọ́ìnì sílẹ̀ fún un. Lójú báńkì, èèyàn méjì ló kàn fowó ránṣẹ́ síra wọn. Bundle náà ṣe tirẹ̀, Cashlink ni wọ́n pè é.

P2P gba ọ̀pọ̀ èèyàn là, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà tó mọ́ tónítóní. Aládùúgbò mi kan tó ń ṣe àwòrán orí kọ̀ǹpútà fún àwọn oníbàárà òkè òkun ta kọ́ìnì lọ́nà yìí. Owó olówó ni ẹni tó rà á fi san án, báńkì sì ti àkáǹtì rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun ò jalè, òun ò lu jìbìtì. Ó kàn jẹ́ pé nínú P2P, èèyàn ò mọ ibi tí owó tó wọlé fún un ti ń bọ̀.

Bademosi kúrò lórí àga Bundle lọ́dún 2021 yẹn náà, Emmanuel Babalola sì gba ipò rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2023, Bundle kéde pé òun ń pa ọjà kírípítò òun tì, Cashlink lòun fẹ́ gbájú mọ́. Nígbà yẹn, Bademosi ti wà nídìí iṣẹ́ mìíràn.

Nestcoin, àti owó tó há sọ́wọ́ FTX

Òun àti Taiwo Orilogbon ló jọ dá Nestcoin sílẹ̀ ní apá ìparí ọdún 2021. Wọn ò fẹ́ kó jẹ́ títà àti ríra nìkan. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà gba inú géèmù àti ẹ̀kọ́ wọnú kírípítò. Metaverse Magna ni ẹ̀ka géèmù wọn, Breach sì ni ti ẹ̀kọ́ àti ìròyìn. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí dọ́là mílíọ̀nù 6.45 gbà lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò. Serena Ventures, ti Serena Williams tó gbá tẹ́níìsì, wà lára wọn. Alameda Research, ti Sam Bankman-Fried, náà wà níbẹ̀. Bankman-Fried yìí kan náà ló dá FTX sílẹ̀, ọjà kírípítò tó fi Bahamas ṣe ibùjókòó.

Ìpín Alameda nínú Nestcoin kéré, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ibòmíràn ni wàhálà ti wá. Stablecoin ni Nestcoin fi tọ́jú owó tí wọ́n rí gbà, ìyẹn kírípítò tí wọ́n so iye rẹ̀ mọ́ dọ́là, orí FTX ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sí, títí kan owó ìnáwó ojoojúmọ́. Lásìkò yẹn, ta ló máa fura? Orúkọ FTX wà lára pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Miami. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà náà ń kó dọ́là wọn síbẹ̀ nítorí èlé tó ń san.

Ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, FTX wọ́gbèsè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Bademosi gbé lẹ́tà tó kọ sí àwọn olùdókòwò rẹ̀ sórí Twitter fún gbogbo ayé láti kà: owó wọn wà ní FTX, àwọn òṣìṣẹ́ kan máa lọ. Ìròyìn sọ pé ó kéré tán òṣìṣẹ́ 30 ló pàdánù iṣẹ́, wọ́n sì gé owó oṣù àwọn tó kù. Mo rí àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní tèmi, mo gbà pé lẹ́tà yẹn ṣòro láti kọ, nítorí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tí owó wọn há wà tí wọn ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi alájọ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí alájọ bá gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ yín láàárọ̀, tó fàlà sí káàdì, ìlà yẹn ò túmọ̀ sí pé ẹgbẹ̀rún kan yín wà nínú àpótí. Ó túmọ̀ sí pé alájọ jẹ yín ní ẹgbẹ̀rún kan ni. Alájọ Ṣómólú di àmúpòwe torí pé, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ó mọ owó oníkálukú lórí, ó sì dá a padà pé láì wo ìwé. FTX ní kọ̀ǹpútà, ó ní lọ́yà, àmọ́ ó ti kó owó àwọn oníbàárà fún Alameda. Nọ́ńbà tí Nestcoin ń rí lójú fóònù, ìlà orí káàdì lásán ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ni wọ́n dá fún Bankman-Fried ní oṣù kẹta ọdún 2024.

Kọ́kọ́rọ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì

Ẹ wá wo ohun tí Nestcoin gbájú mọ́ lẹ́yìn náà: Onboard, wọ́lẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ẹni tó ni owó ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Iléeṣẹ́ tó ṣe irú áàpù bẹ́ẹ̀ ò lè ná owó yín, ìjọba ò sì lè ní kó tì í pa. Nínú irú wọ́lẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá tó tò tẹ̀ léra ni kọ́kọ́rọ́ sábà máa ń jẹ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ló ni owó.

Èmi ò rò pé ó wà fún gbogbo èèyàn o. Màmá mi ṣì ń bèèrè PIN káàdì ATM rẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi. Bí ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn bá sọnù, kò sí ọ́fíìsì tí ẹ máa lọ jókòó sí, kò sí ẹni tí ẹ máa bẹ̀. Bí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, tí olè sì rí i, ó parí nìyẹn. Àmọ́ fún ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ ní dọ́là, tó sì rí bí dọ́là ṣe fò láti nǹkan bíi ₦471 kọjá ₦600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kẹfà ọdún 2023, mo mọ ìdí tí kò fi ní fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ẹnubodè tí CBN tì lọ́dún 2021 ti ṣí báyìí. Oṣù kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n gbà kí báńkì ṣí àkáǹtì fún àwọn iléeṣẹ́ kírípítò. Kò pẹ́ síyẹn, ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba mú ọ̀gá Binance méjì ní Àbújá, Binance sì fòpin sí náírà lórí ọjà rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò fún Quidax àti Busha ní ìyọ̀ǹda àkọ́kọ́, àti ní oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó ka kírípítò kún ohun ìdókòwò. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni CBEX dà wó, tí àwọn tí inú ń bí sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. CBEX kò ní ìwé àṣẹ SEC kankan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ara ìtàn Bademosi, àmọ́ àwọn tó ń bi mí ń pa gbogbo wọn pọ̀, ni mo ṣe dárúkọ rẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fi ẹ̀rọ ìṣírò wò. Nígbà tí SEC gbé ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 2022, ohun tó sọ nígbà náà ni pé iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣí ọjà kírípítò gbọ́dọ̀ ní owó ìdásílẹ̀ ₦500 mílíọ̀nù. Dọ́là 450,000 tí Bundle fi bẹ̀rẹ̀ ní 2020, tí dọ́là wà ní nǹkan bíi ₦360 ní iye ìjọba, kò ju ₦162 mílíọ̀nù lọ. Kò ní yege. Ẹ wá ṣe é ní ₦1,500 sí dọ́là kan: ₦675 mílíọ̀nù. Owó yẹn náà ni o, kò lé, kò dín.